Bí ọmọ tí owó ilé wọn ò tó ṣe lè gba Gateway wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní UK

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí tábìlì ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Alẹ́ Sunday kan ni, nínú oṣù kẹsàn-án, kọ̀ǹpútà wà níwájú wa, ọmọ ẹ̀ tó fẹ́ ṣe dókítà ń tẹ fọ́ọ̀mù UCAS tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ní UK, ó wá kan ibi tí wọ́n ti bi í pé ṣé ó ti jẹ free school meals, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní súkúù, rí ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó tẹ "No". Mo ní ha, ṣé kò jẹ ẹ́ ni? Ó ní ó jẹ ẹ́ o, láti Year 8 títí tó fi ṣe GCSE tán, ṣùgbọ́n kí la fẹ́ máa ròyìn ìyẹn fún yunifásítì fún, ṣé kí wọ́n lè mọ̀ pé a ò ní ni? Mo mọ ibi tọ́rọ̀ ọ̀hún ti ń dùn ún, bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa náà nìyẹn, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Àmọ́ "No" tó fẹ́ kí ọmọ yẹn tẹ̀, ilẹ̀kùn ló fẹ́ fi tì mọ́ ọn lójú, torí ọ̀nà kan wà tí wọ́n dìídì là sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ò bá sì sọ bí ilé wọn ṣe rí, ibẹ̀ ò ní ṣí fún un.

Orúkọ ọ̀nà yìí pọ̀. Àwọn yunifásítì kan ń pè é ní Gateway to Medicine, àwọn míì ní Medicine with a Foundation Year, King's College London ń pè é ní Extended Medical Degree Programme (EMDP), Southampton ń pe tiwọn ní BM6. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Kọ́ọ̀sì ìṣègùn tó máa ń gba ọdún 5, wọ́n á fi ọdún kan ṣáájú ẹ̀, á di 6, ọdún àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n máa fi dí àlàfo tó wà láàárín ọmọ tí tíṣà kẹ́mísìrì ẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan àti ọmọ tí bàbá ẹ̀ ń sanwó lẹ́sìnnì fún lórí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Torí ọdún tí wọ́n fi kún un yìí ni gíréèdì tí wọ́n ń bèèrè ṣe máa ń wálẹ̀. Ọmọ tó bá páàsì ọdún àkọ́kọ́ dé máàkì tí wọ́n fẹ́, kò tún ní gba fọ́ọ̀mù míì mọ́, tààrà ló ń wọ Year 1 pẹ̀lú àwọn yòókù, ọjọ́ tí wọ́n bá sì gboyè, oyè kan náà ni gbogbo wọn jọ gbà, GMC, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní UK, ò ní bi í pé ẹnu ọ̀nà wo lo gbà wọlé. Ti King's nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀, àwọn ò ya ọdún kan sọ́tọ̀ pátápátá, wọ́n fa iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ gùn ni, kí ọmọ lè rọra jẹ ẹ́, pẹ̀lú àwọn tíṣà tó ń tì í lẹ́yìn.

Ọdún 2001 ni King's bẹ̀rẹ̀ tiwọn, Southampton tẹ̀ lé e ní 2002. Nígbà tó yá, ní 2014, ìgbìmọ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn UK, Medical Schools Council, gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdajì àwọn súkúù UK ni kò ní ẹyọ ọmọ kan tó gba fọ́ọ̀mù ìṣègùn láwọn ọdún tí wọ́n yẹ̀ wò, àti pé súkúù 20% péré ni 80% àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù ti ń wá. Láti ìgbà yẹn ni kọ́ọ̀sì yìí ti ń pọ̀ sí i. Lónìí, ẹ lè rí i ní Bristol, Leicester, Nottingham, Lincoln, Leeds, Norwich (UEA), Hull York, Lancaster, Edge Hill, ní Scotland, Dundee, Aberdeen àti Glasgow náà ní irú ẹ̀. Kóòdù wọn lórí UCAS yàtọ̀ síra o. A100 ni ti kọ́ọ̀sì ìṣègùn ọlọ́dún 5 tí gbogbo èèyàn mọ̀, Gateway ti Bristol ni A108, Leicester ni A199, Norwich ni A104, BM6 ni A102. Ọmọ tó bá tẹ A100 níbi tó yẹ kó tẹ kóòdù Gateway, àárín àwọn tó ń gba AAA ní A-level ló lọ jókòó sí yẹn, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ò sì ní bá a tún un ṣe.

Kí n tó lọ síwájú, orúkọ yìí ń ṣi èèyàn lọ́nà. Foundation Programme tí ẹ̀ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn dókítà, F1 àti F2, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti gboyè nìyẹn, kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Access to HE Diploma, ti àgbàlagbà tó fẹ́ padà sí súkúù nìyẹn. Foundation kan tún wà tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni ń tà fún ọmọ tó ń ti òkè òkun bọ̀, owó gọbọi ni, ọ̀pọ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni ò sì kà á sí. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: tí ọmọ mi bá páàsì ọdún yìí, ṣé ó ti ní àyè nínú kọ́ọ̀sì ìṣègùn gan-an, àbí ó tún máa lọ gba fọ́ọ̀mù tuntun? Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kóra sọ́rọ̀, ẹ di àpò yín mú.

Ọ̀rọ̀ tí ò dùn ló kàn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ ní kùtùkùtù torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa kàn. Ọmọ tí yunifásítì kà sí Home, ìyẹn ẹni tó ń san owó ọmọ ìlú, nìkan ni Gateway wà fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá físà iṣẹ́ dé láti bí ọdún mélòó kan, tí ọmọ yín wà lórí físà yín, overseas ni wọ́n sábà máa ń kà á sí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Gateway nìkan, owó kọ́ọ̀sì ìṣègùn fún overseas ju £40,000 lọ lọ́dún ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọmọ tó ti ní ILR (ìwé láti máa gbé UK títí lọ) tàbí ìwé ọmọ ìlú, tó sì ti gbé UK fún ọdún 3 kí kọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ sábà máa ń dáa. Àwọn tí kò tíì ní ILR, ẹ má tíì káwọ́ lérí. Òfin kan wà ní England tí wọ́n ń pè ní long residence: ọmọ tí ò tíì pé 18 tó ti gbé UK ó kéré tán ọdún 7, tàbí ẹni tó ti pé 18 tó ti lo ó kéré tán ìdajì ọjọ́ ayé ẹ̀ níbí, tàbí ọdún 20, tí ìwé ẹ̀ sì ti wà létòlétò fún ọdún 3 tó gbẹ̀yìn, ó lè gba owó Student Finance, lóònù ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì kà á sí Home. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí, láìmọ̀ pé ọmọ wọn tó dé ní ọmọ ọdún 8 ti wọ inú òfin náà. Ẹ ka ọdún dáadáa, kí ẹ tó kọ̀wé sí ọ́fíìsì fee status ti yunifásítì tẹ́ ẹ fẹ́, kí wọ́n fi ìwé dá yín lóhùn, má gba ti ẹnu.

Ó yá, ta ni wọ́n wá kà sí ẹni tí nǹkan ò rọrùn fún? Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ibi tó sì ti ń gba àkókò nìyí, torí ọmọ kan lè yẹ ní Leeds kó má yẹ ní Bristol. Àwọn ohun tí wọ́n sábà máa ń wò ni free school meals, bóyá owó ìjọba bíi Universal Credit ń wọ ilé yín, bóyá ọmọ ń gba 16-19 Bursary ní sixth form, bóyá ọmọ ti wà lọ́wọ́ council rí, bóyá òun ló ń tọ́jú òbí tó ń ṣàìsàn, bóyá ó jẹ́ refugee, bóyá nínú ilé òun ni yóò kọ́kọ́ lọ sí yunifásítì, àti àdúgbò tẹ́ ẹ̀ ń gbé. Ní Southampton fún àpẹẹrẹ, wọ́n to ohun mélòó kan sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mú mẹ́ta ó kéré tán nínú ẹ̀. King's ní tiwọn fẹ́ ọmọ tó wà ní súkúù ìjọba tí kì í fi ìdánwò yan ọmọ. Ìyẹn ni pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanwó lẹ́sìnnì eleven plus títí ọmọ fi wọ grammar school, súkúù ìjọba tó ń fi ìdánwò yan ọmọ, ẹ kú oríire, ṣùgbọ́n ẹ ti fi ìyẹn yọ EMDP kúrò. Bákan náà ni síkọ́láṣípù sí súkúù aládàáni ṣe máa ń ba nǹkan jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Lórí ọ̀rọ̀ àdúgbò, ẹ jókòó sí i. Òṣùwọ̀n mẹ́ta mẹ́rin ló wà. POLAR4 ń wò ó bóyá àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò yẹn ń lọ sí yunifásítì, ó pín gbogbo UK sí ìpín 5, ìpín 1 àti 2 ni wọ́n ń wá. TUNDRA fẹ́ jọ ọ́, England nìkan ló ń wò. IMD ń wo ìṣẹ́ fúnra ẹ̀, iṣẹ́, owó, ilé, ìlera, ìwà ọ̀daràn. Scotland ní SIMD tiwọn. Àwọn míì ń lo ACORN, èyí tí ilé iṣẹ́ kan ṣe. Ibi tó ti kan àwa tó kún Peckham àti Woolwich rèé: ní London, ọmọ tálákà náà ń lọ sí yunifásítì gan-an, torí náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àdúgbò London tó bọ́ sí ìpín 1 nínú POLAR. Ẹ lè máa gbé àjà kẹrin ní ilé council tí lífíìtì ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ láti Kérésì, kí POLAR máa pè yín ní ìpín 4 tàbí 5. Tí yunifásítì bá jẹ́ POLAR nìkan ló ń lò, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá èyí tó ń wo IMD tàbí free school meals. Ẹ tẹ póòsìkóòdù yín sórí wẹ́ẹ̀bù Office for Students fún POLAR àti TUNDRA, ti IMD náà wà lórí wẹ́ẹ̀bù ìjọba, ìṣẹ́jú 5 ni, ọ̀fẹ́ ni.

Free school meals náà ní ẹ̀tàn tiẹ̀. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí gbogbo ọmọ England ń jẹ ní Reception sí Year 2, àti èyí tí Mayor London ń fún gbogbo ọmọ praimárì, kò kà. Èyí tí wọ́n fún ọmọ torí owó tó ń wọlé sílé kéré ni wọ́n ń bèèrè, ní sẹ́kọ́ńdìrì sì ni, àwọn míì tilẹ̀ fẹ́ kó jẹ́ ní Year 10 sókè. Mo mọ ìyá tó yẹ fún un ṣùgbọ́n tí kò forúkọ ọmọ sílẹ̀ torí ọmọ ń gbé ìrẹsì nínú kúlà lọ súkúù, ó ní oúnjẹ òyìnbó ò dùn. Jọ̀ọ́, ẹ forúkọ sílẹ̀, bí ọmọ ò bá tilẹ̀ jẹ ẹ́. Àti 16-19 Bursary yẹn, ẹ lọ bèèrè ẹ̀ ní ọ́fíìsì sixth form lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ bá wọ Year 12, owó máa wọlé, ìwé ẹ̀rí sì máa wà nílẹ̀.

Ti "ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé" yìí ló ń da àwa Yorùbá láàmú jù. Ìyá ń ṣiṣẹ́ care ní alẹ́, bàbá ń wa Uber, ṣùgbọ́n ìyá ní HND láti Ìbàdàn, bàbá ní BSc láti Ifẹ̀. Ṣé ọmọ yẹn ni ẹni àkọ́kọ́? Lójú ọ̀pọ̀ yunifásítì, rárá, oyè tẹ́ ẹ gbà nílé náà oyè ni. Ẹ má parọ́ ẹ̀. Ẹ kàn kọ i-meèlì sí wọn kí ẹ bèèrè bí àwọn ṣe ń kà á, kí ẹ sì máa wá ohun míì tó bá yín mu, ẹni tí ò rí tibí mú yóò rí tọ̀hún mú.

Gíréèdì ńkọ́? Níbi tí A100 ti ń bèèrè AAA tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Gateway sábà máa ń wà láàárín ABB sí BBC, bayọ́lọ́jì àti kẹ́mísìrì ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ rí. Ẹ ṣọ́ ọ o, wọ́n dín in kù, wọn ò fọ́n ọn sílẹ̀. GCSE náà wà ńbẹ̀, pàápàá máàtì, Gẹ̀ẹ́sì àti sáyẹ́ǹsì. Àyè ò sì pọ̀, BM6 ń gba nǹkan bí ọmọ 30, King's ń gba bí 50, nítorí náà ọmọ tó rò pé òun á fi Gateway sáré wọlé láìkàwé, ó ń tan ara ẹ̀.

Ìdánwò UCAT, ìdánwò àbáwọlé fún ìṣègùn, ló kàn. Látìgbà tí BMAT, ìdánwò kejì, ti kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn 2023, UCAT ló kù tí gbogbo èèyàn ń ṣe. Láti 2025 wọ́n yọ Abstract Reasoning kúrò, ó ku ìwé kíkà, ìpinnu ṣíṣe àti ìṣirò, máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 2700 lápapọ̀, pẹ̀lú Situational Judgement, ìbéèrè lórí bó ṣe yẹ kéèyàn hùwà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ń fún ní Band 1 sí 4. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn lè ṣe é lọ́dún kan, láti oṣù keje sí ìparí oṣù kẹsàn-án. Ní 2025, £70 ni fún ẹni tó bá ṣe é ní UK, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń jẹ free school meals tàbí tó ń gba 16-19 Bursary, kò yẹ kó san kọ́bọ̀, bọ́sárì wà tó máa san gbogbo ẹ̀, ẹ bèèrè ẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Àwọn tó ń ta kọ́ọ̀sì UCAT máa dẹ́rù bà yín, ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn, pé láìsí àwọn, ọmọ yín ò lè páàsì. Èmi ò gbà. Ìdánwò àṣewò tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù UCAT fúnra wọn, ọ̀fẹ́ ni, òun ló sì jọ ojúlówó jù. Ohun tó ń pa ọmọ nínú UCAT ni àkókò, kì í ṣe pé ìbéèrè le. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sínú dúrọ́ọ̀, ó tan aago orí sítóòfù ìdáná, ó ń ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wákàtí kan péré. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ṣe dé ìdajì ìbéèrè kí aago tó dún. Lọ́sẹ̀ kẹrin ó ti mọ èyí tó máa fò.

October 15, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ni UCAS ń ti ilẹ̀kùn fún ìṣègùn. Kì í ṣe January tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń sọ o, ẹ máa rántí, torí ní súkúù tí kò tíì rán ọmọ lọ ṣe ìṣègùn rí, tíṣà náà lè má rántí. Ìṣègùn 4 ni ẹ lè mú, ìkarùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ kọ́ọ̀sì míì. Gateway àti A100 ní yunifásítì kan náà, méjì ni wọ́n kà á sí. Bí èmi bá ń bá ọmọ ṣe é, tí gíréèdì tí tíṣà sọ tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ ABB, Gateway ni mo máa fi kún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá jẹ́ AAA ni, mo lè ní kó mú Gateway 2 àti A100 2, níbi tí wọ́n ti ń dín gíréèdì kù fún irú ẹ̀. Ẹni tó ń jẹ free school meals kì í san owó fọ́ọ̀mù UCAS mọ́ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi tó ní ká tẹ "No" ì bá tún san ìyẹn lé e.

Àròkọ tí ọmọ ń kọ nípa ara ẹ̀ ti yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wọlé ní 2026. Ìbéèrè 3 ni báyìí: kí ló dé tó fẹ́ ṣe kọ́ọ̀sì yìí, báwo ni ẹ̀kọ́ ẹ̀ ṣe múra ẹ̀ sílẹ̀, kí ló tún ti ṣe níta súkúù. Lẹ́tà 4,000 ni gbogbo ẹ̀, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ò gbọ́dọ̀ dín ní 350. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ kọ pé láti kékeré lòun ti ń lá àlá pé òun wọ aṣọ funfun. Mo ní kó pa á rẹ́. Mo ní ta ló ń tẹ̀lé ìyá àgbà lọ rí GP? Ó ní òun ni. Ta ló ń túmọ̀? Òun ni. Ó wá sọ pé lọ́jọ́ kan màámá ní "ara ń ta mí", òun ò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún dókítà, òun kọ́kọ́ sọ pé ara ń dùn ún, dókítà kọ oògùn ìrora, ó ku díẹ̀ kí wọ́n dìde ni òun ní rárá ẹ jọ̀ọ́, ó dà bí ìgbà tí nǹkan ń gún un wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lẹ́sẹ̀, dókítà tún jókòó, ó ní kí wọ́n yẹ ṣúgà ẹ̀ wò. Mo ní kọ ìyẹn. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ jẹ́ kọnsọ́ltáǹtì tó fi ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀lé ọ̀rẹ́ bàbá ẹ̀ kiri wọ́ọ̀dù, kò ní irú ìtàn yẹn.

Torí ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ work experience pa yín láyà. Iṣẹ́ Saturday ní ṣọ́ọ̀bù, títọ́jú àbúrò, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní care home, gbogbo ẹ̀ ló kà tí ọmọ bá lè sọ ohun tó kọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ò rí ibi kankan lọ, Observe GP tí ẹgbẹ́ àwọn GP ṣe wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Brighton and Sussex náà ní ti ìṣègùn lóríṣiríṣi, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Fún ẹni tó máa fà wọ́n lọ́wọ́, Melanin Medics wà fún ọmọ aláwọ̀ dúdú, In2MedSchool wà, Sutton Trust náà ní Pathways to Medicine, Year 12 ni kí ẹ ti máa wá wọn.

Tíṣà tó máa kọ reference, ìwé ìjẹ́rìí nípa ọmọ, ẹ lọ bá a kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Àyè kan wà nínú ẹ̀ báyìí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun tó dí ọmọ lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti kó nílé lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún GCSE torí landlord, bí bàbá bá ti wà lórí àìsàn, ẹ sọ fún un. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó nira, òbí míì á ní ẹjọ́ ilé kì í jáde, àmọ́ ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù ní Leicester ò mọ̀ yín, kò ní pàdé yín ní owambe.

Lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù bá lọ tán, àwọn yunifásítì kan á tún fi fọ́ọ̀mù míì ránṣẹ́, ti ẹ̀rí nìyẹn: lẹ́tà súkúù lórí free school meals, ìwé Universal Credit, P60 (ìwé owó iṣẹ́ àti owó orí ọdún kan), lẹ́tà social worker. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún un kì í pẹ́. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan, gbogbo nǹkan ẹ̀ pé, i-meèlì yẹn wọ spam, ó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà tó máa rí i, wọ́n ti pa fáìlì ẹ̀ dé. Wọ́n bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Ẹ kó gbogbo ìwé yìí jọ sínú fóldà kan kí October tó dé, kí ọmọ sì máa yẹ spam wò láràárọ̀ bí ẹni ń fọ ẹnu.

Íntáfíù máa ń wáyé láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, MMI ni ọ̀pọ̀ ń lò, ọmọ á máa lọ láti tábìlì kan sí èkejì, ìṣẹ́jú bíi mélòó kan níbì kọ̀ọ̀kan: èyí á bi í lórí ìwà ọmọlúàbí dókítà, ìyẹn á jẹ́ òṣèré tó ń ṣe bí ẹni inú ń bí. Ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ tiwa níbẹ̀ ni pé a ti kọ́ wọn pé a kì í wo àgbà lójú, a kì í já ọ̀rọ̀ àgbà nínú kọrọ. Wọ́n á máa wolẹ̀, wọ́n á dáhùn tán ní gbólóhùn kan, wọ́n á dákẹ́ dúró de ẹlòmíì. Ẹni tó ń fún máàkì á rò pé kò ní nǹkan sọ. Ẹ fi wọ́n dánra wò nílé, kí bàbá ṣe bí aláìsàn tó ń bínú, kí ọmọ wò ó lójú kó sọ pé "mo rí i pé inú ń bí yín, ẹ sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀". Lákọ̀ọ́kọ́ gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Kò burú.

Owó. Ní England £9,535 ni owó ilé ẹ̀kọ́ fún 2025/26, Student Finance ń san án pẹ̀lú lóònù, ọdún foundation náà wà nínú ẹ̀ torí ara kọ́ọ̀sì kan ni. Ní ọdún yẹn kan náà, lóònù jíjẹ-mímu fún ilé tí owó tó ń wọlé ò ju £25,000 lọ dé £10,544 fún ẹni tó kúrò nílé lọ sí ibi tí kì í ṣe London, £13,762 ní London. Láti ọdún karùn-ún NHS Bursary á máa san owó ilé ẹ̀kọ́, á fi £1,000 kún un àti owó míì tí wọ́n ń wo bí owó tó ń wọlé sílé ṣe tó kí wọ́n tó fún ọmọ, ṣùgbọ́n lóònù jíjẹ-mímu á já wálẹ̀ gidi, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ọwọ́ wọn máa ń ṣẹ́ ní ọdún yẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ ti máa gbọ́ ọ báyìí kí ọmọ lè tọ́jú díẹ̀díẹ̀, kó sì bèèrè bọ́sárì yunifásítì fúnra wọn ní Year 1, àwọn tó wọlé lọ́nà Gateway sábà máa ń yẹ fún un.

Nínú ọdún foundation, ẹ̀kọ́ ara ènìyàn, kẹ́mísìrì, bí a ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń ṣe, kíláàsì kéré, tíṣà mọ orúkọ ọmọ. Máàkì tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ tó kọjá lè ju èyí tí wọ́n fi ń páàsì kọ́ọ̀sì míì lọ, ẹ ka ìwé òfin wọn.

Tí wọ́n bá já ọmọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ńkọ́? Ẹ wò ó bóyá yunifásítì yẹn ń gba ẹni tó ti parí Year 13 lọ́dún tó kọjá, àwọn kan ń gbà, àwọn kan kì í gbà. Ẹ má sáré lọ gba biomedical science pẹ̀lú èrò pé ẹ máa ti ibẹ̀ yà sí Gateway, ẹni tó bá ti ní oyè kan kì í sábà yẹ mọ́. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tí spam gbé i-meèlì ẹ̀ mì yẹn, ó fi ọdún kan ṣe healthcare assistant ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà, ó tún UCAT ṣe, ó tún gba fọ́ọ̀mù, íntáfíù méjì wọlé, ó rí ọ̀kan mú. I-meèlì tó lò lọ́dún yẹn, ìyá ẹ̀ náà ní password.